Ẹ Jẹ́ Kí Onílé Kọ́kọ́ Tú Àpò Yín

Ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́tàlélógún nínú gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé Yorùbá, kí lẹ máa ń sọ kí ẹ tó wọ ilé onílé?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tó jọ pé òun ló dàgbà jù láàárín wọn, fa ohùn gùn: "Àgò onílé o!" Àwọn bíi mẹ́ta dá a lóhùn láì rò ó, "Àgò yà o!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Mo wá ní, "Ìgbà wo lẹ kágò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Lọ́yà ni mí n'Íbàdàn. Àjọ kan, tí mi ò ní dárúkọ, ló ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tú ilé àti ṣọ́ọ̀bù lọ́nà tó bófin mu, àti bí wọ́n ṣe lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù kó má di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ìrẹsì ọ̀sán wà níbẹ̀. Ohun tó mú mi gbà gan-an ni nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní 1984, tí mi ò sọ fún wọn títí di ọjọ́ kẹta.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Òkè-Àdó là ń gbé. Ìyá mi ń ta léèsì ní Gbági, Gbági àtijọ́ o, kì í ṣe ti ọ̀nà Ifẹ̀ tí ẹ mọ̀ lónìí. Ìjọba ti fòfin de léèsì òkè òkun, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó nígbà náà tí kò wá a kiri. Ọ̀nà Kútọnu ló ń gbà wọlé. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìyá mi ò mọ̀. Ó mọ̀. Gbogbo ọjà ló mọ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan ni ilẹ̀kùn wa já wọlé. Ọkùnrin márùn-ún. Wọn ò kágò, wọn ò sọ ẹni tó rán wọn, aṣọ kákí ọrùn wọn ló sọ ọ́. Wọ́n tú ilé náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọ́n da gàrí inú agolo sílẹ̀, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi dojú dé. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ìyá mi tú ìró ìdí rẹ̀ kó gbọ̀n ọ́n, lójú àwa ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n kó léèsì, wọ́n sì mú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ fún un, iyùn tí kò sí òfin kankan tó dè é. Wọn ò fún wa ní ìwé kankan. Ọ́fíìsì mẹ́ta ni ìyá mi lọ lẹ́yìn náà. Níbi gbogbo tó dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: "Ìyá, kí lẹ fi mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa lẹrù yín wà?"

Ó wá ń kà á. Bó bá ń gé ẹ̀fọ́, á máa kà á, bó bá ń di irun mi, á máa kà á: léèsì olómi ewúro méjì, aláwọ̀ ẹyẹlé mẹ́ta, funfun oníhò mẹ́rin, iyùn ìyá mi kan. Mo mọ̀ ọ́n lórí ju táìmùsì tébù lọ. Mo ti dàgbà, mo ti di lọ́yà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn márùn-ún yẹn ṣe fún un ló ń ṣe fúnra rẹ̀.

Ìdí ni pé òfin ní kí wọ́n kọ ọ́. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti 2015, tí àwa lọ́yà ń pè ní ACJA, ya odidi apá kan sọ́tọ̀ fún ìwé àṣẹ ìyẹ̀wò, láti abala 143 lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣáájú pẹ̀lú òfin tiwọn ní 2007, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù wá tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí òfin náà ń béèrè kò le. Lọ bá adájọ́, búra, kọ ìdí tó fi dá ọ lójú pé ohun tí ò ń wá wà níbẹ̀. Bí adájọ́ bá buwọ́ lùwé, lọ. Bí o bá débẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Onílé náà lè mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá láti àdúgbò. Obìnrin ni kó yẹ ara obìnrin wò. Kọ gbogbo ohun tí o mú, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí o sì fún onílé ní ẹ̀dà. Mo kọ ọ́ sórí pátákó ní ìlà márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún ya fọ́tò pátákó náà, ó ní, "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ìlà kẹta yẹn, ibo la ti máa rí wọn?"

Ẹlẹ́rìí ló ń bi mí. Ẹ máà fi ṣẹ̀sín. Nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, òun ló le jù. Wọ́n ní bí ọkọ̀ àwọn bá ti yà wọ àdúgbò, fèrèsé á máa tì ní pàó-pàó. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn aládùúgbò pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, á ní ara òun ò yá, tàbí kó ní òun ò mọ onílé tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òun láti ogún ọdún. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé lónìí lè máa lọ kóòtù fún ọdún mẹ́fà, adájọ́ á gba ìgbéga, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi awakọ̀ ara wọn ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ní kò dára. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá baálé àdúgbò tàbí alága àwọn onílé, ẹni tí gbogbo ilé ń wò lójú, kí wọ́n má sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹlẹ́rìí wà níbi tí kò sí. Ó sàn kí ìwé rẹ jẹ́wọ́ pé àwọn aládùúgbò kọ̀ ju kó parọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì la dé orí ìfura, ibẹ̀ ni ariyanjiyan ti gbóná. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ènìyàn dúró lójú títì kó yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ìfura tó nídìí. Ọ̀dọ́kùnrin kan nawọ́: "Ma, ìfura loògùn àgbà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òmíràn tún fi tirẹ̀ kún un: "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Èmi náà rẹ́rìn-ín, òwe náà dùn mọ́ ibẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń sọ: níwọ̀n bí a ò ti mọ èyí tí inú ń run, ẹ jẹ́ ká tẹ ikùn gbogbo wọn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 lòdì sí i gbangba. Ó ní ọjọ́ orí ènìyàn, bó ṣe ṣe irun rẹ̀ àti irú aṣọ tó wọ̀ kò tó láti fi fura sí i, kódà bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀. Dàda kì í ṣe ẹ̀rí. Mo bi ọ̀dọ́kùnrin náà, "Ìfura àgbà, kí ni àgbà rí kó tó fura?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó rí nǹkan." Mo ní, "Kọ nǹkan náà sílẹ̀ kí o tó na ọwọ́. Bí o ò bá rí nǹkan kọ, jẹ́ kí ọmọ náà kọjá."

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin yẹn. Oṣù kẹwàá ni àwọn ọ̀dọ́ kún títì káàkiri orílẹ̀-èdè torí SARS. Mo máa ń ronú sí oṣù kan ṣoṣo yẹn. Òfin tó dára ti wà nínú ìwé, inki rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò sì sí ọmọ kankan lójú ọ̀nà tó mọ̀ pé ó wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá wọn dúró kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà wà ńbẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn fà fóònù wọn yọ, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó jókòó ti ọ̀tún wọn. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ẹnì kan tilẹ̀ fi fóònù rẹ̀ sábẹ́ itan. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bo ilé ènìyàn, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ nínú gbólóhùn kan. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì ní, nínú abala 45, pé ọ̀dọ̀ adájọ́ ni kí òṣìṣẹ́ ti lọ gba àṣẹ bó bá ń wá ẹ̀rí tó wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tó ju ẹyọ kan lọ ti kìlọ̀ pé kí wọ́n yé tú fóònù àwọn ènìyàn lójú títì. Síbẹ̀, ẹ bi ọmọ yunifásítì èyíkéyìí tí ẹ bá mọ̀.

Mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òru. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dùn mí. Òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìyẹ̀wò ṣiṣẹ́ láàárín aago márùn-ún ìdájí sí aago mẹ́jọ alẹ́, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá dìídì gba òru láyè. ACJA mú ààlà yẹn kúrò. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè wá báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀daràn kì í sùn, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ilé-Ifẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2023. EFCC wọ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ń gbé níta ọgbà lóru, wọ́n kó ọmọ mọ́kàndínláàádọ́rin. Ariwo sọ débi pé ní ọjọ́ yẹn kan náà, alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ola Olukoyede, fòfin de irú iṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Alága nìkan ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá ààlà náà padà. Ohun tí alága kan fẹnu sọ, alága mìíràn lè fẹnu pa á rẹ́.

Ìbéèrè tí mò ń retí dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí oorun ń kun àwọn tó kù. Obìnrin tó kágò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló bi í. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ má bínú o. Bí a ò bá gba ìwé àṣẹ, tí a ò mú ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n tí a bá igbó nínú yàrá ẹni náà, kóòtù ò ní gbà á ni?"

Mo lè parọ́ fún un. Àwọn olùkọ́ kan máa ń parọ́ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1961 tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn ti dá ẹjọ́ Mapp sí Ohio, ohun tí wọ́n bá gbà lọ́nà tí kò bófin mu, kóòtù á jù ú nù. Ìyẹn ló ń mú ọlọ́pàá tọ́hùn-ún ronú lẹ́ẹ̀mejì. Níbí, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ọ́ ní 1968, nínú ẹjọ́ Musa Sadau sí Ìjọba, pé bí ìyẹ̀wò kò tilẹ̀ bójú mu, ìyẹn nìkan kò sọ ẹ̀rí di ohun ìdanù. Òfin ẹ̀rí ti 2011 tún un ṣe díẹ̀, ó ní kí adájọ́ gbé e wò: báwo ni ìwà tí òṣìṣẹ́ hù ṣe burú tó, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ṣé ó ṣòro láti rí ẹ̀rí náà lọ́nà tó tọ́. Ọwọ́ adájọ́ ló wà. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kó gbà á."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ò tàn wá. Kí wá ni a ń ṣe níbí?"

Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá títí di òní. Mo sọ fún un pé ẹni tí wọ́n tú ilé rẹ̀ lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, pé ìlànà 2009 ti mú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun náà mọ̀ pé àpò ìjọba ni owó ìtanràn ti ń jáde, kì í ṣe àpò tirẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé a lè kọ́ òṣìṣẹ́ ní gbogbo abala òfin tó wà láyé, bí kò bá sí ohun tó ń pa á lára tó bá rú u, á padà sí bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti dá a dúró yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Òfin tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ń lò, ọdún 1984 ni wọ́n ṣe é, ọdún tí iyùn ìyá mi lọ yẹn gan-an. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń há sórí, GOWISELY, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ: ìdí tó fi dá ọ dúró, ohun tó ń wá, orúkọ rẹ̀, àgọ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ láti gba ìwé ìyẹ̀wò náà. Àbúrò mi ní wọ́n ń sọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, wọ́n ń fún òun níwèé. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà sì ni wọ́n ṣì ń dá dúró jù. Ó ní ìwé mẹ́rin náà wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Mo bú u pé ó yẹ kó dúpẹ́, ìyá wa kò rí ẹyọ kan. Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí wọ́n gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn kò sí nínú ACJA, àṣà iṣẹ́ ni, ọlọ́pàá àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ló kọ́ mi. Kí òṣìṣẹ́ tó wọ inú yàrá, kó nawọ́ sókè, kó ní kí onílé yẹ òun wò: àpò, ìbọ̀sẹ̀, fìlà. Bó bá ń jáde, kó tún ṣe é. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé òun ló ju igbó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè fi iyùn sápò jáde.

Mo pín wọn sí méjì-méjì, ọ̀kan ṣe onílé, ìkejì ṣe òṣìṣẹ́. Ìdajì wákàtí la fi ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́dún mọ́kàndínlógún yẹn nawọ́ sókè, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò rẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ níbi tí kò retí. Nígbà tí ọmọ náà dé ìbàdí rẹ̀, ó ní, "Ó tó." Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe é fún ènìyàn, ẹnikẹ́ni ò ṣe é fún mi rí."

Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ 1984 fún wọn. Mi ò sọ ọ́ gùn. Mo kàn ka ẹrù náà bí ìyá mi ṣe ń kà á. Obìnrin ẹ̀yìn yẹn béèrè pé, "Iyùn ńkọ́?" Mo ní a ò rí i mọ́.

Ìyá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fún un ní fọ́ọ̀mù tí mo fi kọ́ wọn, fọ́ọ̀mù ohun tí a gbẹ́sẹ̀ lé, mo ní kó pè é kí n máa kọ ọ́. Ó pè é láì dúró mí, àwọ̀ àti iye. Àmọ́ ó gbàgbé léèsì funfun. Èmi ni mo rán an létí. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ṣe é fún, àbí èmi?" Ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí fóònù mi tó dún ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọmọ tó fi ìfura pòwe ni. Ó ní àwọn wà níwájú ilé kan, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́, baálé àdúgbò ti dé. Ó nawọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, ìyá arúgbó tó ni ilé sì kọ̀, ó ní òun ò lè fọwọ́ kan ọmọ ìjọba, kí wọ́n má bàa sọ pé òun lu òṣìṣẹ́. Ó ní, "Ma, kí n ṣe báwo?"

Mi ò mọ̀. Mo gbọ́ tí baálé ń wí nǹkan lẹ́yìn. Ọmọ náà ní kí n má pa fóònù. Ó gbé e sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, ó ń tú àpò ara rẹ̀ sórí ẹní ìyá náà, ó ń pe ohun tó ń kó jáde níkọ̀ọ̀kan kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: kọ́kọ́rọ́ méjì, ẹgbẹ̀rún náírà kan àti igba, bírò, àǹkáṣíìfù, súwíìtì ọmọ òun.